Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko lọ yàwòrán lẹ́yìn Ìbàdàn, báwo lẹ ṣe ń pa á pọ̀?

Àdùkẹ́_Arìnoko (Ọjọ́ Àìkú, 8:10 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Dókítà ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì gbọ́ràn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí àwa mẹ́rin máa ń wọ Micra dé Ìwó Road láàárọ̀ Sátidé, a ó wọ ọkọ̀ Lálúpọn níbẹ̀, bá a bá ti sọ̀, a ó yà sójú ọ̀nà oko. Kòkó, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́, erùpẹ̀ pupa, ojú irin àtijọ́ tó ń lọ Òṣogbo. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin la máa ń lò.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń fi wọtakọ́lọ̀, ìyẹn ọ̀dà olómi, yàwòrán. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá rí ohun tó wù mí, ẹsẹ̀ mi á dúró. Àwọn tó kù á ní, "Àdùkẹ́, o tún ti dúró nìyẹn!" Lánàá, igi àràbà ńlá kan dá mi dúró lẹ́yìn abúlé kan. Kí n tó kun ojú ọ̀run tán, wọ́n ti lọ jìnnà. Mo bá ń sáré tẹ̀ lé wọn, mo gbé àwòrán tútù dání bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa bá wọn, ojú ọ̀run ti ṣàn wọnú igi, igi ti di ẹrẹ̀. N ò rìn dáadáa, n ò sì yà dáadáa. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Kí lẹ sì ń gbé dání? Báàgì mi wúwo ju ti ọmọ iléèwé lọ.

Bàbá_Ọlọ́dà (9:02 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́, Àdùkẹ́. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o fẹ́ parí iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Má parí ohunkóhun níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, ìwé kékeré lápò, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìdúró, ó tán. Kọ orúkọ àwọ̀ sára àwòrán náà: "pupa bí osùn", "ewé tuntun", "eérú". Fi ọfà kékeré sí etí ìwé kó máa tọ́ka sí ibi tí oòrùn ti ń wá. Tó o bá délé, tó o wẹ̀, tó o jẹun, kó o wá kùn ún.

Má rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Turner, ará Ìlú Ọba tó kú lọ́dún 1851, tí gbogbo ayé ń bu ọlá fún nínú ọ̀dà olómi, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ó máa ń fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ wọn káàkiri pẹ̀lú ìwé kékeré lápò. Pẹ́ńsùlù ló ń lò jù níta, lọ́pọ̀ ìgbà, ó di ilé tó bá wọ̀ sí lálẹ́ kó tó mú ọ̀dà jáde. Bó bá tó òun, kí ló wá ń lé ìwọ?

Fóònù_Tó (9:15 alẹ́)

Ẹ má bínú o, ìyà wo lẹ fi ń jẹ ara yín báyìí? Ẹ ya fọ́tò, ẹ parí ìrìn yín, kẹ́ ẹ wá jókòó sábẹ́ fáànù yà á.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà (9:40 alẹ́)

@Fóònù_Tó, fáànù wo? Ṣé èyí tí iná ń gbé ṣiṣẹ́ ni?

Mo ti gbìyànjú ohun tó o wí yẹn. Fóònù mi máa ń sọ ojú ọ̀run di funfun báláú, á wá sọ abẹ́ igi kòkó di òkùnkùn birimù. Bẹ́ẹ̀, ojú mi rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: mo rí ìkuukùu, mo sì rí ewé gbígbẹ nílẹ̀ abẹ́ kòkó. Ohun mìíràn tún wà. Ọjọ́ tí mo jókòó ya igi ọ̀pẹ ni mo tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀ rárá. Eérú ni, pẹ̀lú àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí òjìji wà. Ogójì ọdún ni mo ti ń wo ọ̀pẹ o.

Bàbá, ẹ dákun sà, màá ta kò yín díẹ̀. Àwọ̀ tá a kọ sílẹ̀ kọ́ ni àwọ̀ tá a rí. Tí mo bá délé tí mo ka "eérú", eérú ààrò ni mo máa kùn. Ìmọ̀ràn tèmi fún Àdùkẹ́ ni pé kó fi oúnjẹ ṣe é. Ẹ̀yin mẹ́rin á kúkú jẹun lọ́nà. Ẹ wá ibì kan tó dára, ibi tí ìrìn dé òpin kẹ́ ẹ tó yí padà, ẹ jókòó síbẹ̀ jẹun fún ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn á máa jẹ ẹ̀kọ, ìwọ á máa kùn. Kò sẹ́ni tó máa pariwo lé ọ lórí, nítorí ẹnu wọn ò ní ṣófo. Ibòmíràn tẹ́ ẹ bá gbà kọjá, pẹ́ńsùlù Bàbá ni kó o lò níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, àmọ́ eku méjì tó bá gba ojú ihò kan ṣoṣo jáde ńkọ́?

Bàbá_Ọlọ́dà (9:58 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, mo gbà fún yín lórí eérú. Ẹ jẹ́ ká mọ àkókò ṣá o. Láti bí aago mọ́kànlá títí dé mẹ́ta, orí àtàrí ni oòrùn Ìbàdàn máa ń dúró sí. Gbogbo òjìji á sá wọ abẹ́ nǹkan, ilé á tẹ́ bí páálí. Wọtakọ́lọ̀ láìsí òjìji, kí la fẹ́ kùn? Kí wọ́n tètè jáde nílé, kí wọ́n jẹun ní aago mẹ́sàn-án. Oúnjẹ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ pè é, ẹ má pè é ní ti ọ̀sán.

Àjàní_Ẹlẹ́yẹlé (Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ẹrù, torí èmi náà ti gbé àga, ìjókòó, agboòrùn àti búrọ́ọ̀ṣì méjìlá lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé rí. Mo dé bẹ̀, ó rẹ̀ mí, mo sùn.

Bébà ló ṣe pàtàkì jù. Ìwúwo ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: kó má dín ní 300 gíráàmù fún mítà kan níbùú lóròó. Ìwé ìyàwòrán tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, bí omi bá ti kàn án, á ká kòrókòró bí awọ tó bọ́ síná. Tówó bá wà, èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ló dára jù. Ó gbówó lórí, mo mọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń ra ewé ńlá kan, màá gbé e lọ bá àwọn onítẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, wọ́n á fi ẹ̀rọ gé e sí kékeré bí káàdì ìkíni. Ewé kan á tó mi lò fún oṣù kan. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ, kílíìpù méjì, kò sóhun tó kù lórí bébà.

Ọ̀dà: mẹ́ta tó, mẹ́rin pọ̀. Yẹ́lò tó jọ erùpẹ̀, pupa tó jọ yangí, búlùú tó jinlẹ̀ bí aró. Pupa yangí àti búlùú yẹn, bẹ́ ẹ bá pò wọ́n pọ̀, ẹ ó rí eérú tí Ìyá Ìbejì ń wí, lóríṣiríṣi. Mo máa ń fún un láti inú túùbù sínú ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí mo ti lẹ̀ mọ́ inú agolo pẹlẹbẹ kan. Ó gbẹ síbẹ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì tútù bá kàn án, á tún jí. Búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, kó sanra níkùn, kí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó.

Omi ńkọ́? Píọ̀wọ́tà. Ẹ já igun rẹ̀, ẹ mu díẹ̀, ẹ da ìyókù sínú ife rọ́bà. Ẹ fi àmì sára ife yẹn o. Mo ti fi omi búrọ́ọ̀ṣì po gààrì rí.

Bàbá_Ọlọ́dà (7:20 àárọ̀)

Gààrì aláró! Ẹ ṣeun, Àjàní.

Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé túùbù wà. John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà kan, ló gba àṣẹ lórí túùbù ọ̀dà lọ́dún 1841. Kó tó dìgbà yẹn, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn tó ń lo ọ̀dà olóròóró ń di tiwọn sí. Ẹ ro ti pé kéèyàn gbé àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ gba inú Lálúpọn kọjá láàárọ̀ Sátidé.

Ẹ fi ti ojú ọjọ́ kún un. Báyìí tí òjò ṣì ń rọ̀, ìdajì wákàtí lè kọjá kí ojú ọ̀run tó o kùn má tíì gbẹ. Ìdí tí ti Àdùkẹ́ fi ṣàn nìyẹn. Kó gbé e sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó máa ya igun mìíràn ná. Tí ọyẹ́ bá dé, ọ̀tọ̀ ni ìjà tiẹ̀: kó o tó na ọwọ́ padà sínú omi, àwọ̀ ti gbẹ, etí rẹ̀ ti le, ìlà tó ò fẹ́ ti yọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀yìn bébà ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ, màá fi lẹ̀ mọ́ pákó, kó lè pẹ́ nínú omi. Ẹ má sì jẹ́ kí bébà sùn síta lásìkò òjò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á jẹ oje tí wọ́n fi pa á lára, ojú rẹ̀ á wá máa mu ọ̀dà lábàwọ́n-lábàwọ́n. Inú ọ̀rá tí a dì pa ni ibùgbé rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀nà_Ìdó (12:30 ọ̀sán)

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń wí dára, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ohun tó le jù níbẹ̀, ìyẹn ojú èèyàn.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sí etí abúlé kan lápá Ìdó. Ilé alámọ̀ kan wà níwájú wa, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Ó wù wá. Mo na pẹ́ńsùlù síwájú, mo di ojú kan, mo ń fi wọn ilé náà kí n lè mọ bó ṣe ga sí bó ṣe fẹ̀. Ẹ̀yin ayàwòrán mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹni tí kò mọ̀, kí lẹ rò pé ó máa rí? Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ ń po pupa nínú ìdérí, ó pọ̀, ó ń dán.

Kò pẹ́, ọkùnrin mẹ́ta yọ láti inú ẹ̀gẹ́. Oko ni wọ́n ti ń bọ̀, àdá sì wà lọ́wọ́ wọn. Àgbà inú wọn ní: "Ta ló ní kẹ́ ẹ wá wọn ilẹ̀ wa?" Kí n tó la ẹnu, èkejì ti rí ìdérí ọ̀rẹ́ mi. Ó figbe ta: "Ọ̀dà pupa! Wọ́n fẹ́ kọ X!"

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣé mo ní láti ṣàlàyé? Ta ni kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn X pupa lára ògiri? Katakata ló ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbé ìdérí náà pa mọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò, ìyẹn ló tún wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá. A ní ayàwòrán ni wá, wọ́n ní kí la fẹ́ fi àwòrán ṣe, ta ló rán wa, èló ni wọ́n ń san fún wa. A ní kò sẹ́ni tó ń sanwó. Wọn ò gbà. Ẹ gbọ́, èmi náà ò ní gbà.

Ìyá arúgbó kan ló kó wa yọ. Ó rọra tẹ ọ̀pá dé, ó ní kí àwọn ọkùnrin náà sún, kí òun rí i. Ó wo bébà mi títí. Ó ní, "Ilé mi rèé! Ẹ tiẹ̀ ya ibi tó ń jò." Ó wá bojú jẹ́: "Ewúrẹ́ mi dà?" A yára ya ewúrẹ́. A ya àgbébọ̀ adìyẹ rẹ̀ náà mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni àwòrán náà wà dòní, ọ̀pọ̀ àgbàdo ló sì dì fún wa.

Láti ọjọ́ náà, n kì í mú pẹ́ńsùlù jáde kí n tó kí èèyàn. Ẹni tó bá wà lóko, "Àrokò bọ́dún dé o!" ni wọ́n ń kí i. Ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pẹ́, ẹ lọ rí Baálẹ̀. Ẹ fi àwòrán àtẹ̀yìnwá hàn wọ́n kẹ́ ẹ tó yọ bébà òfìfo. Pupa ni kó sì gbẹ̀yìn jáde.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà (1:05 ọ̀sán)

Ẹ̀rín pa mí níbi iṣẹ́. "Ewúrẹ́ mi dà"!

Òótọ́ lẹ sọ. Màá tún fi kún un pé kí obìnrin má dá lọ, àní kí ọkùnrin náà má dá lọ. Ẹ bi àwọn awakọ̀ ìdíkọ̀ léèrè ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, àwọn ló mọ ibi tó dára lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má jókòó ya bárékè tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, bó ti wù kí oòrùn bà á dára tó.

Aṣọ́yẹ (3:45 ọ̀sán)

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà àlejò, kó tọrọ àṣẹ, kó wọ inú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, igbó gidi ṣì wà nínú rẹ̀. Èmi ẹyẹ ni mò ń lọ wò. Ẹ̀gà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa nínú ìwé àwọn onímọ̀, Malimbus ibadanensis, dúdú pẹ̀lú pupa lórí àti láyà. Ọdún 1958 ni wọ́n kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà yìí. Mo ti gbìyànjú láti yà á. Ẹyẹ kì í dúró de ẹni tó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ẹ ya bó ṣe tẹ orí nìkan, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ọmọ_Aládìrẹ (8:30 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ìlú díẹ̀, torí orúnkún mi ò lè dé Lálúpọn mọ́. Òkè ni mò ń gùn, díẹ̀díẹ̀. Láti orí ilé ìṣọ́ Bower lókè Àáre, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936, gbogbo páànù Ìbàdàn tó ti dógùn-ún ló máa ń hàn sí mi. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Páànù ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ibo lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá mi àgbà ni mo rántí. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya òpó gbọ̀ngàn Màpó sára aṣọ Ìbàdàndùn. Ẹ lọ wo ẹ̀dà rẹ̀: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Ilé ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, òpó rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú. Kò sí fèrèsé, kò sí àtẹ̀gùn. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ̀ pé Màpó ni. Mo bá mú páànù mẹ́ta péré, mo fi ìyókù sílẹ̀.

Ìyá àgbà tún kọ́ mi ní èkejì láìmọ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ohun tó o fẹ́ kó mọ́lẹ̀ lo ń kọ́kọ́ dáàbò bò. Wọtakọ́lọ̀ gan-an nìyẹn. Kò sí ọ̀dà funfun tó máa gbà ọ́ là, funfun bébà ni funfun rẹ. Oòrùn orí páànù, kó o ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ kó o tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan nǹkan kan.

Àdùkẹ́_Arìnoko (9:10 alẹ́)

Mà, ẹ ti là mí lójú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá kun gbogbo rẹ̀ tán, màá wá máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé.

Àjàní_Ẹlẹ́yẹlé (9:30 alẹ́)

Ó kù kan. Àdùkẹ́ dárúkọ erùpẹ̀ pupa. Ẹ bu díẹ̀ bọ̀ wálé nínú ọ̀rá. Mo máa ń lọ yangí lórí ọlọ, màá pò ó mọ́ omi, kí yanrìn rọ̀ sísàlẹ̀, màá da omi pupa orí rẹ̀ gba inú aṣọ, màá jẹ́ kó silẹ̀ kó gbẹ. Ẹ ra kàrò ní Sábó, oje igi tí àwọn Mọ́là fi ń ṣe tàdáwà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, omi ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ kán oyin bíńtín sí i kó má baà sán. Ẹ fi lọ ìyẹ̀fun yangí náà títí á fi kúnná. Oje yẹn náà ló wà nínú túùbù olówó ńlá tí wọ́n ń tà fún wa, òkè Ọya sì wà lára ibi tó ti ń jáde lọ sókè òkun. Bó o bá fi erùpẹ̀ ọ̀nà Lálúpọn kun ọ̀nà Lálúpọn, kò sí pé àwọ̀ ò bára mu.

Fóònù_Tó (9:44 alẹ́)

Ẹ ti wá dé orí ọlọ. Mo ní kí n máa wò yín.

Àdùkẹ́_Arìnoko (Ọjọ́ Àìkú, 7:25 alẹ́)

Mo ti dé o. A tún lọ lánàá.

Aago mẹ́fà la kúrò nílé. Mo fi báàgì ńlá sílẹ̀, agolo Àjàní ni mo gbé. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ la dì, a sì pinnu pé abẹ́ igi àràbà ọjọ́sí la ti máa jẹ ẹ́. Lọ́nà, mo fi pẹ́ńsùlù ya nǹkan mẹ́ta lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dúró ti ara rẹ̀, ó ń wo ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí òpó kan, ó ní kí n yà á.

Nígbà tá a dé abẹ́ igi, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń kọ ebè. Mo rántí X pupa, mo yára ké sí i: "Àrokò bọ́dún dé o!" Ó ní, "Àṣẹ." Ó sún mọ́ wa. Mo fi ẹrẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá hàn án, mo ní àràbà yìí ni mo fẹ́ yà tó fi bàjẹ́. Bàbá wo àwòrán, ó wo igi, ó ní, "Èwo ni àràbà? Pọ̀ńpọ́lá nìyí." Ó ní ọdọọdún ni òun ń rí i: bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo ewé rẹ̀ á wọ́ dànù, á wá fi òdòdó pupa bo ara lórí ẹ̀ka lásán, àwọn ọmọdé á máa ṣa èyí tó já bọ́ nílẹ̀. Ó ní ohun tí mò ń yà yìí, kò tíì múra.

Mo yà á náà báyẹn, ewé àti gbogbo rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú. Ojú ọ̀run ò ṣàn, mo fi àyè sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀ka. Ìsàlẹ̀ igi wúwo jù, mo mọ̀. Bàbá jẹ mọ́ínmọ́ín méjì.

Nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ a máa padà lọ. Àjàní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pèsè pupa tó ju ti yangí lọ.

Ọmọ_Ọ̀nà_Ìdó (7:40 alẹ́)

Pupa ńlá báyẹn? Kí bàbá yẹn bá yín lọ o, kó máa ṣàlàyé fún àwọn èèyàn.

Fóònù_Tó (7:52 alẹ́)

Ẹ fi èmi náà sí i ní Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Fóònù ni màá mú, ẹ má dà mí láàmú. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ni àbí ẹlẹ́ja?